Hilux mi kò lágbára òkè mọ́: ṣé tọ́bò ni ó kú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Gwagwalada ni mo ń gbé. Hilux àtijọ́ tí ó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ni mo fi ń kó gààrí lọ sí Jos, tí mo sì fi ń kó ọ̀dùnkún bọ̀. Láti bí oṣù méjì, bí mo bá ti dé òkè Hawan Kibo, ọkọ̀ náà a máa wọ́, èéfín dúdú a sì bo ọ̀nà lẹ́yìn mi. Mẹkáníìkì mi ní tọ́bò ti kú, kí n lọ ra tòkunbọ̀ ní Zuba. Owó náà ga jù fún mi. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, ọ̀gá wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Èéfín dúdú tí ẹ mẹ́nu bà ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù nínú lẹ́tà yín, nítorí ohun tí ó ń sọ ni pé epo ń wọ ẹ́ńjìnnì dáadáa, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí epo náà yóò fi jó tán kò tó. Ká ní tọ́bò ti bàjẹ́ débi pé ó ń jo ọ́ìlì ni, èéfín náà ì bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì yín ì bá sì máa dínkù. Ká ní kò sí èéfín rárá, fílítà epo ni ǹ bá kọ́kọ́ fura sí, torí pé èéfín gbígbóná tí ń ti inú ẹ́ńjìnnì jáde ni ó ń yí tọ́bò, bí epo tí ń jó bá sì kéré, kò ní lágbára tó láti yí i.

Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 sí ojú òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti Gwagwalada lọ. Ìdí nìyẹn tí àìsàn tí kò hàn lójú títì tó tẹ́jú fi ń hàn lórí òkè, nígbà tí ẹrù tún wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yọ fílítà afẹ́fẹ́ wò, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́, nítorí eruku apá Àríwá yìí kì í pẹ́ dí i. Bí ó bá mọ́, ẹ wá sí orí àwọn rọ́bà tí ń gbé afẹ́fẹ́ láti tọ́bò lọ sí intercooler (ẹ̀rọ tí ń mú afẹ́fẹ́ náà tutù), àti láti ibẹ̀ wọ ẹ́ńjìnnì. Ibí yìí ni mo ti rí i pé ẹ̀bi máa ń wà jù nínú ọkọ̀ àtijọ́. Ọ́ìlì a ti mú kí rọ́bà náà rọ̀, a sì máa ya lábẹ́ kílíìpù níbi tí ojú kò dé. Bí ọkọ̀ bá dúró, ojú ìya náà a pa dé, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ̀ ẹ́ lórí òkè, a là. Wíwò lásán kò lè fi hàn. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi ìdérí tí a de fáàfù táyà mọ́ dí ẹnu tọ́bò níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí ó fún afẹ́fẹ́ sí i tó 10 sí 15 psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́), kò gbọdọ̀ tó ti táyà, kí ó sì da omi ọṣẹ sí gbogbo oríkèé. Ibi tí ó bá ti ń hó ni afẹ́fẹ́ yín ń gbà lọ. Bí ẹ bá gbọ́ ìhó díẹ̀ láti inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi.

Bí kò bá sí ibi tó ń jo, ẹ yẹ ọ̀pá kékeré tí ń ṣí ilẹ̀kùn èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́bò wò. Ìpẹta tàbí èérí èéfín lè mú kí ó há, kí èéfín tí ó yẹ kí ó yí tọ́bò máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ sí sàlẹ́ńsà.

Tọ́bò gan-an ni ó kẹ́yìn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ di orí ọ̀pá ìyí rẹ̀ mú. Bí ó bá mì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí orí ọ́ìlì ni ó ń yí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń lọ síwá-sẹ́yìn, tàbí tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti ha ara ilé rẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ lọ sí Zuba. Kí ẹ tó de òmíràn mọ́ ọn, ẹ pààrọ̀ páìpù tí ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́bò, nítorí bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó dí, yóò pa tuntun náà bí ó ti pa àkọ́kọ́.