Èsì: Nípa àwọn ọmọ tó ń sùn nídìí ìṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní àwọn ọmọ Pírámárì 4 yín ní Iléṣà máa ń tòògbé tí ìṣirò bá ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, pé ẹgba pàápàá ò ràn án mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹgba yẹn sílẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà á kàn máa dákẹ́ ni, kò ní ronú.

Èdè ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6 gbáko, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa gan-an.

Níbí ní Ifẹ̀, nígbà tí ìdá ò yé àwọn tèmi, mo mú obì àbàtà olójú mẹ́rin wá. Mo pa á níwájú wọn, mo fún ọmọ mẹ́rin ní awẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo ní kí ẹni méjì kó tiwọn pọ̀. “Ìdajì obì!” Ọmọ tó máa ń wo ojú fèrèsé ṣáá ló kígbe bẹ́ẹ̀. Ó tún bi mí pé: “Tíṣà, tó bá jẹ́ olójú mẹ́ta ńkọ́?” Inú mi dùn dé ilé lọ́jọ́ náà.

Tí ẹ bá lè bá ọ̀gá yín sọ ọ́, ẹ gbé ìṣirò sí àárọ̀, kí orin àti àlọ́ wà lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bó bá ṣe lọ.