Báwo ni ìsìn Isis, òrìṣà obìnrin ti Íjíbítì, ṣe dé ilẹ̀ ọba Róòmù?

Àwọn oníṣòwò àti atukọ̀ ló gbé e dé, kì í ṣe ọmọ ogun. Láti Alexandria ní Íjíbítì, ìsìn Isis àti ti Sarapis, òrìṣà tí wọ́n ń bọ pẹ̀lú rẹ̀, gba èbúté dé èbúté títí dé erékùṣù Delos ní Gíríìsì, níbi tí àwọn oníṣòwò Ítálì pọ̀ sí. Nígbà tó fi máa di ọdún 105 ṣáájú Kristi, tẹ́ńpìlì Sarapis ti wà ní Puteoli, ní Ítálì.

Inú àwọn aláṣẹ kò dùn sí i. Ilé aṣòfin Róòmù pàṣẹ ní ọdún 53 ṣáájú Kristi pé kí wọ́n wó àwọn ojúbọ rẹ̀. Olú ọba Tiberius náà gbógun tì í ní ọdún 19 lẹ́yìn Kristi. Síbẹ̀, ó ń gbilẹ̀.

Ti Pompeii, ìlú kan ní Ítálì, ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní nǹkan bí ọdún 62 lẹ́yìn Kristi, tẹ́ńpìlì Isis wó. Orúkọ Popidius Celsinus, ọmọ ọdún 6, ni wọ́n kọ sára òkúta pé òun ló tún un kọ́! Ó jọ pé bàbá rẹ̀, ẹrú tó ti dòmìnira, ló sanwó. Òfin ò jẹ́ kí bàbá wọ ìgbìmọ̀ ìlú, ni wọ́n bá fi ọmọ síbẹ̀ nítorí oore yìí.

Nígbà tó yá, ìsìn náà dé Lọ́ńdọ̀nù pàápàá.