Ìbéèrè Òǹkàwé: Àwòrán ọkọ̀ òkun tó wà nílé bàbá wa àgbà, ibo ló ti wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Nígbà tí à ń palẹ̀ yàrá bàbá wa àgbà mọ́, a rí àwòrán ọkọ̀ òkun kan nínú férémù onígi. Òpó mẹ́ta ló ní, ìgbòkun wà lára wọn, síbẹ̀ ihò èéfín kan tún yọ láàárín. Àsíá pupa wà ní ìdí ọkọ̀ náà, àsíá Gẹ̀ẹ́sì kékeré sì wà ní igun rẹ̀ lókè. A ò rí orúkọ ẹni tó yà á. Àwọn kan nínú ẹbí ní láti ayé òwò ẹrú ni. Báwo la ṣe máa mọ ọjọ́ orí rẹ̀? (Láti Ajárá, Àgbádárìgì)

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó. Ọ̀rọ̀ òwò ẹrú yẹn kò dúró. Ọdún 1807 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ka òwò náà léèwọ̀ fún àwọn ọkọ̀ wọn, ọdún 1852 sì ni ọkọ̀ eléèéfín tó ń kó lẹ́tà ti Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí etíkun wa déédéé. Ọkọ̀ oníṣòwò tó gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì, tó tún ní ihò èéfín, ìgbà tó tẹ̀ lé e ló bá mu.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ọwọ́ ni wọ́n fi yà á. Ẹ yá awò kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ fi wo ojú ọ̀run inú àwòrán náà. Bí ẹ bá rí àmì tóótòòtó tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ojú rẹ̀ tó rí gbágungbàgun tàn yín jẹ, nítorí àwọn òǹtẹ̀wé àtijọ́ a máa tẹ ìrísí aṣọ sójú bébà, wọn a sì fi fáníìṣì kùn ún. Ẹ wá pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ mú okùn ìgbòkun kan nínú àwòrán náà, kí ẹ fojú tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi yà á, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dà á ki, á yọ gọngọ díẹ̀. Níbi tó ti parí, á fẹ́lẹ́ títí á fi parẹ́ sínú ọ̀run.

Lẹ́yìn èyí, ó kan àsíá. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1801 ni ìlà pupa tó dá gọ́ọ́rọ́ láti igun dé igun wọnú àsíá Gẹ̀ẹ́sì. Lára ọkọ̀ tí kò ní ihò èéfín, bí kò bá sí níbẹ̀, ohun tí wọ́n yà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àsíá pupa fúnra rẹ̀ ti di ti àwọn oníṣòwò nìkan láti 1864. Ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ ogun wọn náà ń gbé e. Nítorí náà, bí ihò ìbọn ńlá bá tò sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín, tó sì jẹ́ ọkọ̀ ogun lóòótọ́, ó ti ṣáájú 1864.

Ẹ ka ìgbòkun pẹ̀lú. Ìgbòkun kejì láti ìsàlẹ̀ lórí òpó kọ̀ọ̀kan tóbi, ó sì wúwo fún àwọn atukọ̀ láti ká. Láti àwọn ọdún 1850 ni wọ́n ti ń là á sí méjì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí tiyín bá jẹ́ méjì, a ti mọ ibi tí kò lè kọjá sẹ́yìn. Àmì róbótó tí ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nítòsí omi, di dandan lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì ní 1876. Bí ó bá wà, ó dára. Bí kò bá sí, kò fi nǹkan kan hàn, torí ayàwòrán lè fò ó. Ihò èéfín aláwọ̀ ìyeyè lè tọ́ka sí Elder Dempster, ilé iṣẹ́ Liverpool tó bẹ̀rẹ̀ ní 1868, àmọ́ àwọn mìíràn náà lo àwọ̀ yẹn.

Ẹ tú u kúrò nínú férémù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Férémù sábà máa ń bo ìsàlẹ̀ àwòrán, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ọkọ̀, orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, èbúté àti ọdún sí. Tí ẹ bá rí orúkọ, ẹ wá a nínú Lloyd's Register, ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti 1764. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ púpọ̀ ń jẹ́ orúkọ kan náà, nítorí náà ẹ fi iye òpó àti irú ẹ̀rọ ṣe ìyàtọ̀.

Àsíá Gẹ̀ẹ́sì kò ní kí ó jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti yà á. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ a máa ní kí wọ́n ya ọkọ̀ àwọn ní èbúté tí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí: Liverpool, Antwerp, New York, Hong Kong. Òkè tàbí ilé iná etíkun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ló máa ń tú àṣírí ibẹ̀.

Wàyí o, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí aṣọ mímọ́. Ẹ̀yìn àwòrán ni mo gbẹ́kẹ̀ lé ju iwájú lọ, torí ẹnikẹ́ni lè jókòó lónìí kó ya ọkọ̀ 1860. Àwòrán kò lè dàgbà ju ohun tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú rẹ̀. Ṣé píìnì ẹ̀rọ ni wọ́n fi kan aṣọ tí wọ́n ya àwòrán sí mọ́ igi, dípò ìṣó kéékèèké? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́yìn 1950. Àmọ́ bí ihò ìṣó mìíràn tó ti dípẹtà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n tún aṣọ náà kàn ni. Ọdún àtúnṣe ni píìnì yẹn ń sọ. Òǹtẹ̀ Winsor & Newton lẹ́yìn aṣọ kò lè ṣáájú 1832, ọdún tí ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta ọ̀dà àti aṣọ ìyàwòrán yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ da àdírẹ́sì inú òǹtẹ̀ náà kọ, nítorí bó ṣe ń yí padà ń fi ìgbà hàn. Ẹ má fi férémù pinnu nǹkan kan. Káfíńtà ìlú lè ti pààrọ̀ rẹ̀.

Iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò wúlò púpọ̀. Nínú òkùnkùn, fáníìṣì àtijọ́ a máa tàn bíi àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ibi tí wọ́n tún kùn lẹ́yìn náà á sì dúdú. Bí orúkọ ayàwòrán bá dúdú kirimú lórí ìtànṣán yẹn, ó jọ pé wọ́n fi kún un lẹ́yìn ni.

Ìbéèrè: Tiwa ti hu funfun-funfun. Ṣé ká fi ọṣẹ tàbí kẹrosíìnì nù ún? (Láti Ẹ̀pẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi kàn án. Omi á gba ojú sísán wọlé, aṣọ á súnkì, ọ̀dà tó wà lórí rẹ̀ kò ní lè súnkì bá a, á sì máa já bọ́. Kẹrosíìnì á fi ọ̀rá sílẹ̀ tí eruku máa lẹ̀ mọ́. Ọ̀rinrin ọ̀sà ló ń fa híhu funfun yẹn. Ẹ gbé e kúrò lára ògiri tí òjò ń lù, ẹ fi kọ́ọ̀kì méjì sẹ́yìn ìsàlẹ̀ férémù kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, ẹ má sì fi nylon wé e. Bí ọ̀dà bá ti ń já, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọ sókè, kí ẹ kó èyí tó já sínú àpò ìwé fún ẹni tó máa tún un ṣe.

Ìbéèrè: Ta la lè fi hàn, ṣé a sì lè gbé e lọ tà lókè òkun? (Láti Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àsíá nítòsí, ní ìta níbi tí òòrùn kò ti ràn án. Ẹ wọ̀n ọ́n ní sẹ̀ǹtímítà láìsí férémù. Ẹ fi ránṣẹ́ sí National Maritime Museum ní Greenwich, tàbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ òkun ní Liverpool. Ẹ bi wọ́n léèrè ọkọ̀ náà, kì í ṣe iye owó rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e dé pápákọ̀ òfuurufú, ẹ lọ bá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, NCMM. Òfin 1979 ló fi àṣẹ gbígbé ohun àtijọ́ jáde sí wọn lọ́wọ́. Ẹ gba ìwé wọn, kódà bó bá dá yín lójú pé òkè òkun ni wọ́n ti yà á, torí òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè kò ní mọ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀.