Methylcyclopentane lórí platinum: má tíì bá GC jà

Àbúrò, ìbéèrè rẹ yé mi. O jẹ́ kí methylcyclopentane, mólékù oní-kábọ̀n mẹ́fà, gba orí platinum pẹ̀lú háídírójìn, o rí 2-methylpentane àti 3-methylpentane, ṣùgbọ́n n-hexane ò yọjú. Ọ̀gá rẹ ní GC, ẹ̀rọ tó ń ya àdàlù sọ́tọ̀ kí a lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ló ń purọ́. Oṣù mẹ́rin ni èmi náà fi bá GC jà nínú yàrá ìwádìí kan níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú. Mo tú u, mo tún un tò, mo fi owó ara mi ra kọ́lọ́ọ̀mù tuntun. Kò sóhun tó ṣe é.

Ìyá mi ló là mí lójú láìmọ̀. Wọ́n ń sín ìlẹ̀kẹ̀ fún régbérégbé kan tó ń múra Ojúde Ọba. Ìwọ náà sín mẹ́fà sórí okùn, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan dúró fún kábọ̀n kan, kí o so èkíní mọ́ ìkarùn-ún: òrùka ẹlẹ́yọ márùn-ún, ìkẹfà sì di ìrù. Methylcyclopentane nìyẹn. Wàyí o, já òrùka náà, bí platinum ṣe ń já a. Bí o bá já a ní ẹ̀gbẹ́ ìrù gan-an, ó di okùn gbọọrọ, n-hexane. Sún síwájú díẹ̀ kí o tó já a, 2-methylpentane ni. Bí o bá já a ní òdìkejì ìrù, 3-methylpentane. Ojú méjì ló wà fún ti àkọ́kọ́, méjì fún ìkejì, ẹyọ kan péré fún ìkẹta. Platinum tí kò bá yan ibi tó ń já, 2:2:1 ni wọn yóò sún mọ́.

Wóró platinum tíntìntín, bíi nanometer kan (ìdá bílíọ̀nù kan mítà), ni kì í yàn. Wóró ńlá máa ń yàgò fún ẹ̀gbẹ́ ìrù. Ibẹ̀ ni tèmi ti bàjẹ́: lóru ọjọ́ tí mò ń fi háídírójìn tọ́jú catalyst (platinum tó ń mú kí ìyípadà náà yá), iná lọ, iná dé, ohun tó ń ṣọ́ ooru ti jó, ààrò sì gbóná kọjá 700°C kí n tó ta jí. Wóró platinum ti kó ara wọn jọ di ràbàtà. Mo ṣe òmíràn, mi ò jẹ́ kó kọjá 400°C, n-hexane bá padà wálé.

O tún béèrè bóyá òrùka nìkan ni ọ̀nà tí egungun kábọ̀n fi ń yí padà. Rárá o. Butane ní kábọ̀n mẹ́rin péré, kò lè di òrùka ẹlẹ́yọ márùn-ún, síbẹ̀ platinum ń sọ ọ́ di isobutane. Níbẹ̀, ẹ̀ka kan ló ń ṣí kúrò lára kábọ̀n kan bọ́ sórí aládùúgbò rẹ̀. Gault, onímọ̀ kẹ́mísìrì, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Strasbourg nílẹ̀ Faransé fi kábọ̀n-13, kábọ̀n tó wúwo díẹ̀ ju ti gbogboogbò lọ, sàmì sí ẹyọ kan nínú mólékù, wọ́n ń wo ibi tó máa já sí. Bí wọ́n ṣe ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀ nìyẹn.

Nickel tí o ní o fẹ́ fi rọ́pò torí owó, jọ̀ọ́, fi sílẹ̀. Gígé ló mọ̀, mítéènì ni yóò kún inú páìpù rẹ. Bí chlorine bá sì wà lára alumina rẹ, ìyẹn ohun tí platinum jókòó lé, ásíìdì ti dá sí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, o ò ní mọ èwo ni iṣẹ́ platinum mọ́.

Ooru wo lo fi tọ́jú tìrẹ ná?