Ìtọ̀ ewúrẹ́ ló ń la ìkarahun ọta yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọdẹ ni mí ní Kétu, ìbọn rífù mi sì ní ìwé àṣẹ. Inú àká tó fara ti ilé ewúrẹ́ ni mo kó ìkarahun ọta idẹ tí mo ti yìn sí. Nígbà tí òjò dá tí mo tú àpò náà, ọrùn àwọn kan ti là, bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Àwọn tó kù, dáì, irin tí mo fi ń fún wọn padà sí ìwọ̀n wọn kí n tó tún ẹ̀tù rọ sínú wọn, ń ha wọ́n lára. Kí ni kí n fi fọ̀ wọ́n?

Ìdáhùn: Àrẹ̀pa o! Ẹ gbé àpò yẹn kúrò níbẹ̀ ná, kí a tó sọ ti fífọ̀. Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Òórùn tó ń ta yín nímú nílé ewúrẹ́ yẹn, amóníà ni, inú ìtọ̀ ló ti ń jáde. Nínú ìdá 100 idẹ ọta, 70 ni bàbà, 30 ni síńkì. Ọrùn tí wọ́n fún pọ̀ kì í sinmi. Ó ń fà lábẹ́lẹ̀, bí amóníà àti ọ̀rinrin bá sì bá a bẹ́ẹ̀, yóò là. Àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì rí irú rẹ̀ ní Íńdíà ní sẹ́ńtúrì 19, níbi tí wọ́n ti ń kó ọta sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹṣin: bí òjò bá ti dé, ọta a máa là. Ọdún 1921 ni àwọn onímọ̀ tó ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké.

Èyí tó ti là, ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹnu rẹ̀ pa kí ọmọdé má baà tún kó o lọ fún ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe fi iná jó ojú ibi tó là pọ̀. Ẹ gbé ìyókù sí ojú oòrùn, kí ẹ fi èékánná wa ọrùn wọn yípo. Bí ẹ bá rí ìlà tó ń dán nítòsí ìdí, òun náà ti parí.

Fún fífọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó. Kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ óò rí i tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀: ọsàn ti jẹ síńkì kúrò, bàbà ló ń hàn yẹn. Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sá a. Ẹ má yan án lórí iná, nítorí ìdí rẹ̀ yóò rọ̀, kò sì ní lè gba agbára ẹ̀tù mọ́. Oògùn idẹ inú agolo ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn ní amóníà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwo ìyàwó.

Ti dáì, iyanrìn ni. Ilẹ̀ pupa Kétu kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ tú u, ẹ fi kẹrosíìnì àti òwú fọ̀ inú rẹ̀, kí ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó bóyá idẹ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi epo fẹ́ẹ́rẹ́ nù ún kí ó má dípẹtà, ṣùgbọ́n ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó lò ó, nítorí epo tó pọ̀ a máa tẹ èjìká ìkarahun wọlé. Bí ìkarahun bá há sínú rẹ̀, ẹ má fagbára fà á. Ẹ gbé e wá bá mi ní Àjàṣẹ́.

Ti ìwọ̀n ẹ̀tù, ìwé ẹni tó ṣe é ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹnu mi.