Ìtumọ̀ oedema tó wà nínú káàdì màmá

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Oedema tí ẹ ní dókítà kọ sínú káàdì wọn yẹn, ìdíímà là ń pè é. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń yọ o iwájú rẹ̀ kúrò, wọ́n á kọ edema. Ọ̀kan náà ni. Èdè Gíríìkì ló ti wá, wíwú ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wú là ń pè bẹ́ẹ̀. Lédè tiwa, oówo á wú, iwájú orí téèyàn fi gbá ògiri náà á wú. Oedema ni kí omi jò láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀, kó wá dúró sábẹ́ awọ. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ ojúgun màmá, ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó gbé e kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá jin bí ìgbà téèyàn fi ìka tẹ ẹ̀bà, tí kò tètè kún padà, òun nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ní "she has oedema in both legs", ẹ má ní "her legs are oedema".

Oyún àkọ́bí mi ló kọ́ mi. Nọ́ọ̀sì kọ pedal oedema, ìyẹn oedema ti ẹsẹ̀, sínú káàdì mi lóṣù keje, mo kà á, mi ò béèrè. Àwọn àgbà àdúgbò ní omi oyún ni, yóò fà. Kò fà. Òrùka ò bọ́ lọ́wọ́ mi mọ́, ojú mi wú, orí ń fọ́ mi, iná wẹ́wẹ́ ń tàn yanranyanran níwájú mi. Ìgbà tí wọ́n máa fi wọn ìfúnpá mi, ó ti di 170 lórí 110. Preeclampsia ni, ìyẹn àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru tó léwu tó máa ń ṣe aláboyún. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde. Ó kéré gan-an, àmọ́ ó yè. Títí dòní, mo ṣì ń rí ọ̀rọ̀ méjì yẹn nínú yíǹkì búlúù.

Oedema kì í ṣe orúkọ àrùn, àmì ni. Ọkàn lè fà á, kíndìnrín lè fà á, ẹ̀dọ̀ náà lè fà á. Kódà amlodipine tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ wú. Ẹ má kàn dá a dúró fúnra yín o. Ẹ padà lọ bi dókítà pé kí ló fa ti màmá. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣàdédé wú tó sì ń ro wọ́n, tàbí tí wọn ò lè mí dáadáa tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ gbé wọn lọ lónìí.