Ṣé gbígbá géèmù lè ba láptọ́ọ̀pù jẹ́?

Géèmù fúnra rẹ̀ kì í ba láptọ́ọ̀pù jẹ́. Ooru tó ń mú wá ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí géèmù ńlá bá ń lọ, ooru inú ẹ̀rọ lè gun 80 sí 95 ní ìwọ̀n Celsius. Wọ́n ṣe é láti gba ìyẹn mọ́ra: bó bá ti ń sún mọ́ 100, á dín eré rẹ̀ kù, géèmù á máa fà, bí kò bá rọlẹ̀, á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná.

Bátìrì gan-an ni ooru ń jẹ run, pàápàá bó bá ń wà lójú iná mànàmáná, tó kún dé 100%, lójoojúmọ́. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó dúró sí 80% bí láptọ́ọ̀pù yín bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí touchpad (pátákó tí ẹ ń fi ìka fọwọ́ rà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù) bá ń ta sókè, bátìrì ló ti wú: ẹ pa á, ẹ má fi sójú iná mọ́, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lé bẹ́ẹ̀dì. Ìsàlẹ̀ ni ihò tó ń fa afẹ́fẹ́ sábà máa ń wà. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ fi nǹkan gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3. Eruku tún máa ń dì bí òwú sẹ́nu ibi tí ooru ń gbà jáde. Ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó fẹ́ ẹ jáde, kí ẹ sì di fáànù mú: bó bá ń yí àyíjù, ó lè bàjẹ́.

Ẹ tún lọ sínú ètò géèmù, kí ẹ fi fréèmù, ìyẹn iye àwòrán tó ń yà sójú ẹ̀rọ, mọ sí 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; ooru á dín kù dáadáa.